Àwọn Lẹ́tà Tó Tóbi Ju Ojú Ẹ̀rọ Lọ

Nínú ìdáhùn mẹ́rin tó yẹ kó wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, méjì péré ni ọmọbìnrin náà ń rí. A wà níbẹ̀, B wà níbẹ̀. C àti D ti wọ ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lọ, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti lè bá wọn, kò sì sí ohun tó lè fi fà wọ́n jáde. Ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé lẹ́yìn èyí, kò sí òmíràn mọ́.

Ọmọ Ìjàgbà ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ọjọ́ Sátidé kan ni, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà aládàáni kan ní Ọ̀wọ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdáṣẹn, ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Èmi náà wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi débẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn irin yẹn pa, kò sí ìyàtọ̀ láàárín èmi àti àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò. Kò sẹ́ni tó lè jáde.

Mo ti pàdé ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀ lẹ́nu géètì láàárọ̀. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá náà di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò. Mo kí wọn, mo sì bèèrè ohun tó ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, àtàǹpàkò ni o. Ẹ̀gẹ́ ti bó o tán. Láti kékeré ló ti ń bá mi bẹ ẹ̀gẹ́, tó ń bá mi yan gàrí. Ẹ wo ọwọ́ náà, ó ń dán bí abọ́ tánganran. Lésìí, ẹ̀rọ wọn ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi wọlé, èmi mọ̀ ọ́n, èmi ni mo bí i!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ náà wí, "àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ṣé àwọn ni wọ́n máa bá ẹ tẹ̀ka ni?"

Bí mo ṣe mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, kò dé ìdí kọ̀ǹpútà rárá, nítorí pé kí èèyàn tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ tẹ ìka sórí ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà ni yóò sì sọ bóyá òun ló forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé bàbá rẹ̀ kò bínú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Ó ní tí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, Ìdóàní ló ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò òun tó ń ta símẹ́ńtì. Kó lọ máa bá a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti bá a sọ ọ́ ná. Yàrá tó máa sùn pàápàá, wọ́n ti gbá a."

Nígbà tó kan ọmọ náà láti tẹ̀ka, gbogbo wa tó wà ní ìtòsí ló ń wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. Ó fi aṣọ nù ún, ó tún tẹ̀ ẹ́, pupa náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ náà ní kó má tẹ̀ ẹ́ le tó bẹ́ẹ̀, kó kàn fi lé e. Ó fi lé e. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn géètì fò sókè, ó kígbe pé "Olúwa ṣeun! Olúwa ṣeun o!"

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wò ó. "Ìyá, ẹ rọra. Ìdánwò la wá ṣe níbí, a ò wá ṣe ìsọjí."

Oníròyìn kan ṣoṣo ni àwọn aláṣẹ gbà láyè pé kó wọ inú gbọ̀ngàn, èmi sì ni. Wọ́n gba fóònù mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn alámòójútó kò kúrú, kò ga, ó so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ okùn tó fi kọ́rùn, ohùn rẹ̀ sì ni ohùn ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ó fi àga kan hàn mí lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn.

"Ẹ jókòó síbí, sà. Ẹ ò gbọdọ̀ dìde. Ẹ ò gbọdọ̀ jáde títí aago yóò fi parí. Ẹ ò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́. Tí ẹ bá la ẹnu, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa fìyà jẹ o. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yín bá kàn ni wọ́n máa fagi lé ìdánwò rẹ̀. Wọn á ní ó rí ìrànlọ́wọ́ láti ìta. Ṣé ó yé yín?"

Mo ní ó yé mi. Nígbà yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé kò lágbára láti gbé gbogbo kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀, nítorí náà wọ́n pa amúlétutù. Fèrèsé kò sì ṣe é ṣí, gíláàsì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo gbogbo wa. Ọmọbìnrin ará Ìjàgbà jókòó síwájú mi gan-an, ní igun ìlà tó kẹ́yìn. Mo rí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ láti ibi tí mo wà, mo sì rí ti àwọn tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Tiwọn, lẹ́tà wọn kéré, ìbéèrè wà lókè, ìdáhùn mẹ́rin tò sábẹ́ rẹ̀, ààyè ṣì kù nísàlẹ̀. Tirẹ̀, lẹ́tà náà tóbi bí èyí tí wọ́n ń kọ sára mọ́tò akérò. Ìbéèrè nìkan ti jẹ ibi tó pọ̀ jù. A àti B rọra rí ibi dúró sí. Lẹ́yìn wọn, férémù dúdú ló kù.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣe é, ìdí tí mo sì fi mọ̀ ọ́n kò ju pé ohun kan náà ti dà mí láàmú nílé. Ọmọ mi ló rí mi tí mo ń fi imú kan kọ̀ǹpútà láti kàwé, ló bá wọ inú sẹ́tìnsì, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ tò, ó sọ lẹ́tà di ńlá fún mi. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ fi ìròyìn ránṣẹ́, mo wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́ tì. Mo rò pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ọmọ mi ló là mí lóye pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan ni rẹsolúṣọ̀n, ìyẹn iye àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú ẹ̀rọ fi ń ya gbogbo ohun tá à ń rí. Èkejì ni bí a ṣe ní kí ẹ̀rọ kọ lẹ́tà tóbi tó lórí àwọn àmì náà. Èèyàn lè yẹ àkọ́kọ́ wò kó pé pérépéré, kí èkejì sì ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀: ẹní náà kò dín kù. Ẹni tó sùn lé e lórí ló ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ sórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tó yọ yẹn ni C àti D.

Ọmọ náà na ọwọ́ sókè. Ìyáàfin náà rìn wá.

"Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò rí C àti D."

"O ò rí wọn báwo? Ṣé ọjà ni wọ́n lọ ni?"

"Wọn ò sí níbẹ̀, mà. Ẹ wò ó."

Ó wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ṣẹ́wọ́ sí onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà pẹ̀lú wa nínú gbọ̀ngàn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìlànà wọn níbí, nítorí òun ló dè wá mọ́lẹ̀. Kí ojúsàájú má bàa wọ ìdánwò, àwọn tó ni gbọ̀ngàn kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Àwọn aláṣẹ ló ń rán onímọ̀ ẹ̀rọ tiwọn wá láti ìlú mìíràn. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà yìí lójoojúmọ́, tó mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀yìnkùlé ló wà nídìí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó wà pẹ̀lú wa nínú ilé, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Wọ́n sì ti kó gbogbo máòsì kúrò, bọ́tìnnì mélòó kan lórí kíbọ́ọ̀dù ni àwọn ọmọ fi ń dáhùn: wọn á tẹ A, tàbí B, tàbí C, tàbí D, wọn á tẹ òmíràn láti kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Ojú ewé náà kò ṣe é fà sókè, kò ṣe é fà sísàlẹ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ yọ máòsì tirẹ̀ lápò, ó kì í bọ ìdí ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ tẹ àwọn bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ sikirini. Kò yí padà. Ó yọ okùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún un kì. Kò yí padà. Ó wá wọ inú sẹ́tìnsì, ó wo rẹsolúṣọ̀n.

"Ó pé, mà," ló wí. "Bó ṣe wà lára àwọn yòókù ló wà lára èyí. Lánàá náà, mo yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Tó bá pé, C dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n dín in kù wò."

Ó dín in kù. Gbogbo nǹkan ojú ẹ̀rọ náà wú bí búrẹ́dì tó já sómi. B lọ. A nìkan ló kù.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a padà!" Ọmọ náà ti di etí tábìlì mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá B padà!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn tó wà nítòsí, wọ́n sì fi ìwúkọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ dá a padà. Ó fẹ́ fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó na àtẹ́lẹwọ́ wọn ojú ẹ̀rọ náà, ó na àtẹ́lẹwọ́ wọn ti ẹnì kejì. Bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi. Ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó sí òmíràn," ni ìyáàfin náà wí.

"Kò ṣe é ṣe, mà. Ìka rẹ̀ ló ti so orúkọ rẹ̀ mọ́ èyí. Níbí ló máa wà dópin."

Mo na ọwọ́ sókè.

Gbogbo ojú yí padà sí mi. Ìyáàfin náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀ o. Ẹ ò forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò yìí." Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè fi ìwúkọ́ bo ẹ̀rín náà. Mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò ju gbólóhùn kan lọ, gbólóhùn kan péré, ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n máa pè ní ìrànlọ́wọ́ láti ìta. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ọmọ yẹn bí ẹni tó fi omi sẹ́nu tí kò lè gbé e mì, tí kò sì lè tu ú.

Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ yẹn ni pé ọmọ náà kò dúró. Nígbà tí àwọn àgbà ń fa okùn lórí rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ń rí ọwọ́ rẹ̀. Yóò ka ìbéèrè, yóò fi bírò kọ nǹkan sórí bébà tí wọ́n fún wọn láti ṣe ìṣirò, yóò wo A, yóò wo B, nígbà mìíràn yóò tẹ ọ̀kan, nígbà mìíràn yóò tẹ lẹ́tà kan tí kò rí. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù, ó ń fi apá aṣọ nù ún.

Ìyáàfin alámòójútó ti lọ síwájú gbọ̀ngàn, ó tún padà wá. Ìgò ojú rẹ̀ wà láyà rẹ̀, òógùn ni kò jẹ́ kó lè wọ̀ ọ́. Ó kọjá lẹ́yìn àwọn ọmọ ìlà wa, ó dúró lẹ́yìn ọmọ ará Ìjàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè tó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí ti ẹnì kejì, ó fẹjú, ó fún ojú pọ̀, kò rí nǹkan kan kà. Ó tún yí padà.

"Ìwọ, wá ná," ló pe onímọ̀ ẹ̀rọ. "Èmi tí mi ò ríran láìsí ìgò, báwo ni mo ṣe ń ka tibí?"

"Lẹ́tà rẹ̀ ló tóbi, mà."

"Mo rí i pé ó tóbi. Ta ló sọ ọ́ di ńlá?"

Onímọ̀ ẹ̀rọ la ẹnu sílẹ̀. Ó tún padà wọ inú sẹ́tìnsì, ojú ibi kan náà tó ti ń wò látàárọ̀, ó wá wo ìlà kejì tó wà lókè rẹsolúṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó. Lára àwọn yòókù, ó wà ní ìwọ̀n tó bá jáde láti ilé iṣẹ́. Lára èyí, wọ́n ti gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlọ́po méjì. Èémí tí mo mí síta, àfi bíi pé èmi ni mo ń ṣèdánwò. Ó dá a padà sí ìwọ̀n tirẹ̀.

Àwọn lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀rọ sún kì. Ìbéèrè kò sún kì. Ó dúró gbagidi bó ṣe wà. Àkọlé kékeré kan sì jáde, onímọ̀ ẹ̀rọ kà á, ó fọwọ́ nu iwájú orí.

"Mà, ó ní kí á jáde pátápátá, kí á tún wọlé, kó tó lè ràn mọ́ ìdánwò náà."

"Ẹ jáde, kẹ́ ẹ tún wọlé, nígbà náà."

"Tó bá jáde, ìka ni wọ́n máa tún bi í."

Ọmọ náà wo àtàǹpàkò rẹ̀. Mo rí i tó wò ó. Ọsàn wẹ́wẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó sì ń dán.

"Mà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ga, "ìka mi kì í tètè wọlé. Lésìí, kò wọlé rárá."

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló gbà á."

"Tó bá kọ̀ ọ́ báyìí ńkọ́?" Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ìyáàfin náà bi.

"Tó bá kọ̀ ọ́, mà, ìdánwò rẹ̀ parí síbi tó dé. Aago ò sì ní dúró dè é bó ṣe ń gbìyànjú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kódà àwọn tí ojú wọn wà lórí ìdánwò tiwọn, ọwọ́ wọn ti dúró. Ìyáàfin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ àti ti ọmọ náà dọ́gba.

"Ọmọ mi, mi ò lè bá ẹ yàn án. Kò sẹ́ni tó lè bá ẹ yàn án nínú ilé yìí. Ṣé ká jáde ni, àbí ká fi í sílẹ̀?"

Aago ń kà sẹ́yìn lókè ojú ẹ̀rọ, nọ́ḿbà rẹ̀ ńlá, gbogbo wa ló rí i. Ọmọ náà kò sunkún. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu àtàǹpàkò, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rò pé ó fẹ́ ní kí wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ padà sórí kíbọ́ọ̀dù.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"A àti B tí mo rí, mo rí wọn. Tí mo bá jáde tí wọn ò gbà mí mọ́, mi ò rí nǹkan kan."

Ìyáàfin náà dìde. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó yára mú ọwọ́ náà kúrò bí ẹni tó rántí ìlànà, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yẹn ṣe ìyókù ìdánwò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ìta bà wá bí omi. Mo gba fóònù mi, mo wá ọmọ náà lọ. Ìyá rẹ̀ ti rí ojú rẹ̀ láti òkèèrè.

"Ìka ni àbí? Ìka náà ni?"

"Ìka kọ́, Màmá. Lẹ́tà ni."

"Lẹ́tà wo? Ta ló kọ lẹ́tà?"

Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀ka èdè wọn, lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé fún èmi. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. "Ti ìṣirò, mo máa ń ṣe é fúnra mi kí n tó wo ìdáhùn. Tí ohun tí mo rí bá jẹ́ A tàbí B, mo tẹ̀ ẹ́. Tí kì í bá ṣe wọ́n, mo mọ̀ pé C tàbí D ni, mo wá mú ọ̀kan. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló pa mí lára. Ọ̀rọ̀ méjì lè sún mọ́ra, èèyàn ò lè sọ pé èyí ló dáa jù láìrí èyí tó kù."

Ìyá rẹ̀ gbọ́ títí. "Wọ́n bu ọbẹ̀ fún ọmọ mi, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹran," ló wí. "Wọ́n wá ní kó sọ irú ẹran tó jẹ́."

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà. Ó ń pa jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa ẹ̀rọ igun ìlà tó kẹ́yìn. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ Bàbá! Yéè! Ẹ̀rọ Bàbá ni wọ́n gbé ọmọ èèyàn sí!"

Ó sọ fún mi pé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì máa ń wá síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè máa bá àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti yan igun yẹn, nítorí pé oòrùn kì í kàn án níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ bí kò ṣe òun. Nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé lẹ́tà sókè.

"Ẹ ò wá dá a padà ṣáájú ìdánwò?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa lọ yí nǹkan Bàbá padà? Òun ló kọ́ mi ní pírámárì. Tó bá dé tí kò ríran, á ní àwọn ọmọ aláìgbọ́ràn ti tún fọwọ́ kan nǹkan òun. Gbogbo wa la ń yẹra fún ẹ̀rọ náà. A máa ń nu eruku rẹ̀, a kì í fọwọ́ kan inú rẹ̀. Àwọn ará ìdánwò ní ká yẹ rẹsolúṣọ̀n wò, a yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Wọn ò bi wá ní lẹ́tà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo. "Mo rí i pé wọ́n ń sáré kiri nínú ilé láàárọ̀ yìí. Mo kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n padà sídìí iná mi."

Ọ̀gá kan láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìdánwò dé pẹ̀lú mọ́tò kí àwọn èèyàn tó tú ká tán. Ìyáàfin alámòójútó ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sì bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn ti gbọ́, àwọn sì kẹ́dùn. Ó ní àwọn yóò gbé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà lọ sí olú ilé iṣẹ́ wọn, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i pé bí ìyáàfin náà ṣe wí ló rí. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, wọn yóò máa yẹ ìwọ̀n lẹ́tà wò pẹ̀lú rẹsolúṣọ̀n.

"Ọmọ tèmi ńkọ́?" ni ìyá náà bèèrè.

Ó ní tí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni, wọn yóò fún un ní ọjọ́ mìíràn láti ṣe é, ní gbọ̀ngàn mìíràn, ó lè jẹ́ Ọ̀wọ̀, ó lè má jẹ́ Ọ̀wọ̀. Yóò tún tẹ̀ka bí àwọn yòókù, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní orí fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ ni wọn yóò fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí.

"Nọ́ḿbà bàbá mi ni," ni ọmọ náà wí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. "Àfi tó bá gun òkè ọ̀nà oko kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ọ̀gá náà ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó máa gun òkè náà lóòrèkóòrè, nítorí àwọn kò ní pe ẹnikẹ́ni, àwọn kò sì ní fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé tí ọ̀rọ̀ náà kò bá dé ńkọ́. Ó ní kò sí ohun tó le nínú ìyẹn: ẹni tí kò bá gbọ́ nǹkan kan kí èsì tó jáde, kó gba èsì tó bá jáde náà bíi tirẹ̀.